Ìpápánu tó kún fún purotéènì tí ṣúgà rẹ̀ kò tó nǹkan: bí a ṣe ń ka ẹ̀yìn páálí, àti ohun tó ń mú báà le

AdùnDíẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ báà purotéènì ni mo gbé wá, ìyẹn ìpápánu pẹlẹbẹ tí wọ́n ń dì sínú bébà dídán, tí wọ́n á kọ "purotéènì púpọ̀, ṣúgà díẹ̀" gàdàgbà sí níwájú. Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn rèé:

Ìwọ̀n báà kan: 60 g. Agbára: kálórì 214. Purotéènì: 20 g. Ọ̀rá: 8 g. Kábọ́háídíréètì: 18 g, nínú rẹ̀, ṣúgà 2 g, polyol 14 g. Fáíbà: 6 g.

Èròjà: àdàlù purotéènì (wàrà, collagen, sóyà), maltitol, fáíbà gbòǹgbò chicory, òróró, kòkó, glycerol, iyọ̀, sucralose.

Ìbéèrè méjì ni mo ní. Àkọ́kọ́, ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n kọ síwájú yìí, àbí ariwo ọjà lásán? Ìkejì, báà tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ pò nílé, kí ló dé tó fi máa ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, tó bá sì di ọjọ́ kẹrin, eyín á máa bẹ̀bẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gíráàmù dá mi lóhùn. Ẹ má sọ fún mi pé kí n bu díẹ̀ sí i.

Olóṣùwọ̀n

Ẹ ṣé tí ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Láìsí nọ́ńbà, àríyànjiyàn lásán la ó máa ṣe.

Ẹ jẹ́ ká fi òfin ilẹ̀ Yúróòpù wọ̀n ọ́n, nítorí òun ló sojú abẹ níkòó jù. Òfin 1924/2006 ni. Ó ní kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ pé purotéènì pọ̀ nínú oúnjẹ, ó kéré tán ìdá 20 nínú 100 agbára oúnjẹ náà gbọ́dọ̀ ti ara purotéènì wá. Tó bá jẹ́ ìdá 12, ohun tí wọ́n lè kọ kò ju pé purotéènì wà níbẹ̀. Gíráàmù purotéènì kan ń fúnni ní kálórì 4. Nítorí náà, 20 lọ́nà 4 jẹ́ 80. Ẹ pín in pẹ̀lú 214, ìdá 37 ni. Ó yege, kò tilẹ̀ sún mọ́ ẹnu ààlà rárá.

Ti ṣúgà ńkọ́? Òfin yẹn kan náà ní "ṣúgà díẹ̀" kò gbọ́dọ̀ kọjá 5 g nínú 100 g oúnjẹ tó le, tàbí 2.5 g nínú mílílítà 100 ohun mímu. Gíráàmù 2 nínú 60 jẹ́ 3.3 nínú 100. Ó yege níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ tún lè yẹ kálórì tí wọ́n kọ wò fúnra yín. Purotéènì 20 lọ́nà 4, 80. Ọ̀rá 8 lọ́nà 9, 72. Ṣúgà 2 lọ́nà 4, 8. Polyol, ohun adùn tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà, 14 lọ́nà 2.4, 33.6. Fáíbà 6 lọ́nà 2, 12. Ó ku kábọ́háídíréètì 2 g tí kì í ṣe ṣúgà tí kì í ṣe polyol, sítáàṣì nìyẹn: 8. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 213.6. Ìṣirò wọn mọ́. Bí tiwọn bá fi 30 tàbí 40 dín sí èyí tí ẹ ṣe, ẹ wo ohun tí wọ́n yọ kúrò nínú kíkà.

Ẹ wá gbé ẹ̀pà sórí òṣùwọ̀n kan náà. Nínú 100 g ẹ̀pà, purotéènì tó nǹkan bí 26 g, agbára rẹ̀ sì jẹ́ kálórì 567. 26 lọ́nà 4 jẹ́ 104, ìdá 18 péré nìyẹn. Ẹ̀pà tí gbogbo ayé mọ̀ sí purotéènì kò wọlé! Ọ̀rá rẹ̀, nǹkan bí 49 g, ló gba àyè. Ẹyin kan tó wọn 50 g wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́: purotéènì 6.3 g, kálórì 72, ìdá 35. Nítorí náà, báà tó bá jẹ́ ẹ̀pà àti álímọ́ńdì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, oúnjẹ gidi ni, ṣùgbọ́n ẹ má retí kí nọ́ńbà rẹ̀ jọ ti báà tí wọ́n fi ìyẹ̀fun purotéènì pò.

Ọ̀nà míì ni Amẹ́ríkà gbà. FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, fi 50 g purotéènì ṣe òṣùwọ̀n ọjọ́ kan. Kí wọ́n tó lè sọ pé ó pọ̀, ìwọ̀n ìjẹ kan gbọ́dọ̀ ní ìdá 20 rẹ̀, ìyẹn 10 g, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wo bí purotéènì náà ṣe dára tó. FDA kò sì ṣe ìtumọ̀ kankan fún "ṣúgà díẹ̀", nítorí náà ilé iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn báà ibẹ̀ fi máa ń kọ "ṣúgà 2 g" láì fi ọ̀rọ̀ míì tì í.

OjúẸ̀yìnPáálí

Ẹ̀gbọ́n Olóṣùwọ̀n ti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yé wa. Ẹ jẹ́ kí n kan ibi tó ń dùn mí jù lára páálí yẹn: collagen.

Ara awọ àti eegun ẹran ni wọ́n ti ń yọ collagen. Purotéènì ni lóòótọ́, àmọ́ tryptophan, ọ̀kan lára àwọn amino acid (ègé kéékèèké tó para pọ̀ di purotéènì) tí ara kò lè dá ṣe, kò sí nínú rẹ̀ rárá. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ara ṣe lè lo purotéènì sí, PDCAAS, fún un ní òdo. Whey, ìyẹn purotéènì inú omi tó ń ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n bá fi wàrà ṣe wàràkàṣì, gba 1. Casein, purotéènì wàrà tó ń di wàràkàṣì, gba 1. Funfun ẹyin gba 1. Sóyà tí wọ́n yọ́ mọ́ sún mọ́ ọn gan-an. Ẹ̀pà wà ní nǹkan bí ìdajì, gluten inú àlìkámà sì wà ní nǹkan bí 0.25.

Èyí kò sọ collagen di májèlé. Bí oúnjẹ yòókù lọ́jọ́ náà bá ní purotéènì tó pé, kò sí wàhálà. Ohun tó burú ni kí wọ́n fi owó purotéènì wàrà ta collagen fúnni, kí wọ́n sì ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú 20 g.

Báwo lẹ ṣe máa mọ iye tó wà níbẹ̀? Orúkọ tó ṣáájú nínú èròjà ló wúwo jù. Nínú àdàlù yìí, wàrà ló ṣáájú, collagen tẹ̀ lé e. Nítorí náà collagen kò lè ju ìdajì àdàlù lọ, ṣùgbọ́n ó lè sún mọ́ ìdajì. Páálí Amẹ́ríkà rọrùn ju èyí lọ: ẹ wo ìdá nínú 100 tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ purotéènì. Bí wọ́n bá kọ 20 g tí ìdá rẹ̀ sì jẹ́ 40, gbogbo rẹ̀ wúlò. Bó bá jẹ́ 20 g àmọ́ ìdá rẹ̀ jẹ́ 24, 12 g ni wọ́n gbà fún wọn. Mẹ́jọ yòókù ti sọnù sínú collagen tàbí gluten.

Ẹ tún ṣọ́ glycine àti taurine nínú èròjà, àwọn ègé tó dá dúró tí kì í ṣe odidi purotéènì. Inú yàrá àyẹ̀wò, nitrogen ni wọ́n ń wọ̀n, wọ́n á wá sọ ọ́ di purotéènì nípa sísọ ọ́ di ìlọ́po 6.25. Owó glycine kò tó nǹkan, nitrogen sì jẹ́ ìdá 18.7 nínú 100 rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: gíráàmù kan glycine á jáde bí "purotéènì" 1.17 g. Èrú ni, ó sì ń tàn èèyàn jẹ.

Ìyá Aládùn

Ẹ kú làálàá, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi fẹ́ dúró díẹ̀ lórí 14 g polyol yẹn, nítorí ibẹ̀ ni inú ti máa ń yọ èèyàn lẹ́nu.

Ọtí ṣúgà ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń pe polyol, ṣùgbọ́n kì í pani bí ọtí. Àwọn tó wọ́pọ̀ ni maltitol, sorbitol, xylitol àti erythritol. Ẹ wò ó: 14 nínú 60 jẹ́ ìdá 23 nínú 100. Yúróòpù sọ ọ́ di dandan pé oúnjẹ tí polyol àfikún rẹ̀ bá ti ju ìdá 10 lọ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára rẹ̀ pé àjẹjù lè mú kí èèyàn yàgbẹ́. Báà yìí ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Ìfun kékeré kì í gba maltitol tán, èyí tó kù á fa omi mọ́ra, kòkòrò inú ìfun ńlá á wá bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ á dé. Fáíbà chicory 6 g tún wà nílẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Báà kan lè lọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀. Méjì léra wọn, inú á máa kùn bí ìlù.

Maltitol tún ní ọ̀rọ̀ kejì. Ó dùn tó ìdá 90 ṣúgà nínú 100, ó máa ń jẹ́ kí báà rọ̀ dáadáa, ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ fi fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ní nǹkan bí ìdajì ipá tí ṣúgà fi ń gbé e. Erythritol kò rí bẹ́ẹ̀: ìfun kékeré ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ara á sì tọ̀ ọ́ jáde láì lò ó. Kì í da inú rú tó maltitol. Ìṣòro tirẹ̀ ni pé ó ń tutù lẹ́nu, ó sì ń di yanrìn nínú báà.

Nípa erythritol, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature Medicine ní 2023 tó fi hàn pé àwọn tí erythritol pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń ní àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Kò fi hàn pé erythritol tí wọ́n jẹ ló fà á, torí ara fúnra rẹ̀ náà ń ṣe é. Lójú tèmi, ẹni tí dókítà ọkàn ń tọ́jú kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di oúnjẹ ojoojúmọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń sin ajá: xylitol ń pa ajá. Ẹ má jẹ́ kí báà tó ní i já bọ́ síbi tí ẹnu rẹ̀ lè tó.

AdùnDíẹ̀

Ẹ ṣé gan-an, Ìyá. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó sì ń ka kábọ́háídíréètì rẹ̀, ṣé 2 g ni kó kà fún báà yìí, àbí 18?

Ìyá Aládùn

Kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń kọ́ àwọn alátọ̀gbẹ ni pé kí wọ́n yọ ìdajì polyol kúrò. Ìdajì 14 jẹ́ 7. 18 yọ 7, ó ku 11 g. Ká ní erythritol nìkan ni polyol náà, ẹ lè yọ gbogbo rẹ̀, á ku 4. "Net carbs" (kábọ́háídíréètì tó kù lẹ́yìn ìyọkúrò) tí àwọn kan ń kọ síwájú, òfin FDA kò mọ̀ ọ́n. Olúkúlùkù ló ń ṣírò tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Lórí páálí Yúróòpù, fáíbà ti wà lọ́tọ̀ sí kábọ́háídíréètì, ẹ má tún yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ti Amẹ́ríkà ló wà nínú àpapọ̀.

Ẹni tó ń gún insulin kò gbọdọ̀ fi ìṣirò orí páálí nìkan gún un. Kó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní wákàtí kan àti méjì lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tó bá jẹ irú báà kan, torí maltitol kì í bá gbogbo ara lò bákan náà.

Oníyẹ̀fun

Ó ku ìbéèrè kejì, iṣẹ́ mi nìyẹn. Ẹ fara balẹ̀, á gùn díẹ̀.

Báà ń le lọ́nà mẹ́ta, àsìkò tí olúkúlùkù ń dé sì yàtọ̀. Ẹ fi àsìkò yẹn mọ èyí tó ń dà yín láàmú.

Láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ mẹ́ta, omi ló ń kó kúrò níbi tó wà. Nígbà tí ẹ bá pò ó, omi wà nínú síróòpù, ìyẹ̀fun purotéènì ṣì gbẹ nínú lọ́hùn-ún bó tilẹ̀ tutù lójú. Ìyẹ̀fun yẹn á máa mu omi náà díẹ̀díẹ̀. Síróòpù tí omi rẹ̀ ti lọ á ki, á wá dà bíi kándì. Nínú àsìkò yìí kan náà ni erythritol ń yọ jáde kúrò nínú omi tó sì ń di hóró yanrìn, bó bá ti ju nǹkan bí ìdá 10 báà lọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, purotéènì á bẹ̀rẹ̀ sí so mọ́ purotéènì. Whey ní sulfur tó ń dì mọ́ra wọn, báà á dà bíi rọ́bà kó tó di òkúta. Láàárín oṣù, purotéènì á so mọ́ ṣúgà bíi glucose, fructose tàbí lactose. Ìhùwàsí Maillard ni wọ́n ń pè é, òun kan náà ló ń mú búrẹ́dì pọ́n. Báà á ṣókùnkùn, á le, adùn rẹ̀ á yí padà.

Tí ó bá ti jẹ́ pé ọjọ́ kẹrin ni tiyín ń le, ẹ gbàgbé Maillard. Omi ni, tàbí yanrìn, tàbí ọ̀rá. Ẹ gbé báà kan tó ti le sí ibi tó móoru, nǹkan bí 40 °C, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó bá rọ̀, síróòpù tàbí ọ̀rá ló dì. Òróró àgbọn ń dì bí ooru bá ti wálẹ̀ kọjá 24 °C, ẹni tó bá fi í ṣe báà tó sì gbé e sí fíríìjì ti fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Bí kò bá rọ̀ rárá, purotéènì ti mu omi tán. Bó bá ń rún yanmọ-yanmọ lẹ́nu, erythritol ni.

Ìwọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ rèé, fún báà 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn 60 g:

- ìyẹ̀fun whey isolate, ìyẹn whey tí wọ́n yọ́ mọ́, 120 g
- ìyẹ̀fun casein, 30 g
- ẹ̀pà lílọ̀ tí kò ní ṣúgà, 110 g
- síróòpù fáíbà tí ṣúgà rẹ̀ kò ju ìdá 5 lọ, 130 g
- glycerol tó ṣeé jẹ, 24 g
- omi, 12 g
- crisp purotéènì sóyà, ìyẹn hóró wíwú tó ń rún wàràwàrà, 40 g
- kòkó tí kò ní ṣúgà, 12 g
- iyọ̀, 2 g

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 480 g. Purotéènì inú báà kan á tó 23 g, ṣúgà nǹkan bí 2 g, agbára nǹkan bí kálórì 220. Ẹ fi síkéèlì wọ̀n ọ́n, ẹ má lo ife: ife whey kan lè wọn 80 g lónìí kó wọn 110 lọ́la, ó sinmi lórí bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́.

Ẹ jọ̀ whey, casein àti kòkó pọ̀ nínú asẹ́. Ẹ gbé síróòpù, glycerol, omi àti iyọ̀ ka iná kékeré títí yóò fi dé 55 °C, kí ẹ sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò gbọdọ̀ hó. Bí ooru bá kọjá 65 °C tí ẹ sì da whey sí i, yóò bẹ̀rẹ̀ sí dì bí ẹyin. Ẹ ro ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ ọn nígbà tó ṣì gbóná títí yóò fi dán. Ẹ jẹ́ kó wálẹ̀ dé nǹkan bí 40 °C, tí ìka lè dúró nínú rẹ̀ láì ta èèyàn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da ìyẹ̀fun sí i lẹ́ẹ̀mẹta.

Ibí yìí ni kí ẹ ti la ojú sílẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ á dà bí ọbẹ̀. Nígbà kejì á máa fà bíi góòmù. Nígbà kẹta, á kọ́kọ́ fọ́ sí wẹ́wẹ́, ẹ ó rò pé omi ti dín kù, ọwọ́ á máa yá yín láti bu omi sí i. Ẹ má bu ú. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pọ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, á kó ara jọ di odidi, ojú rẹ̀ á dán díẹ̀ láì lẹ̀ mọ́ ìka. Kí ẹ dáwọ́ dúró síbẹ̀. Bí ẹ bá ń pò ó lọ, òróró ẹ̀pà á jáde síta, á máa yọ̀ lọ́wọ́, kò sì ní padà wọlé mọ́. Crisp ló kẹ́yìn. Ẹ rọra kó o mọ́ ọn, torí bó bá fọ́, omi á wọ inú rẹ̀, kò ní rún mọ́.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú páànù tí ẹ tẹ́ bébà sí, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀. Ẹ bò ó, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 12 kí ẹ tó gé e. Bí ó ṣe rí lẹ́yìn wákàtí 12 yẹn ni kí ẹ fi dá a lẹ́jọ́, kì í ṣe bó ṣe rí nínú abọ́. Bó bá le jù, ẹ fi omi 5 g kún ti ìgbà míì. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ fi casein 5 g kún un.

Glycerol ló ń di omi mú kí ìyẹ̀fun má bàa gbà á tán. Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò á rí i pé báà le padà. Kí ẹ má sì kọjá 40 g nínú ìwọ̀n yìí, á fi adùn tó ń ta ọ̀fun sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tún máa ń fi whey tí wọ́n ti fi enzyme gé sí wẹ́wẹ́ rọ́pò bí ìdá 15 sí 20 whey, torí ìyẹn kì í so mọ́ra wọn. Ó korò díẹ̀, kòkó á bò ó.

Ọlọ́gbìnOyin

Kí ló dé tí ẹ kò lo oyin dípò síróòpù fáíbà? Ohun àdáyébá ni, ó sì ń lẹ̀ dáadáa.

Olóṣùwọ̀n

Ó ń lẹ̀ lóòótọ́, àbúrò mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kà á. Nínú 100 g oyin, ṣúgà tó nǹkan bí 80. 130 g oyin á mú 104 g wá, ẹ pín in sí báà mẹ́jọ, 13 g ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ju 21 lọ nínú 100 g, ó ju ìlọ́po mẹ́rin òṣùwọ̀n 5 g lọ. Ara kò mọ̀ pé kòkòrò oyin ló ṣe é. Ó tún jẹ́ pé glucose àti fructose inú oyin ni Maillard fẹ́ràn jù, báà á pọ́n, á sì le kíákíá.

Èso déètì náà ń kọ́? Bákan náà. Ó ju 60 g ṣúgà lọ nínú 100 g. Èyí ló fi ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé páálí Amẹ́ríkà kan lè kọ "ṣúgà àfikún 0 g" síbẹ̀ kí àpapọ̀ ṣúgà jẹ́ 13. Odidi èso tí wọ́n lọ̀ kì í wọ inú ṣúgà àfikún. Ìlà àpapọ̀ ni kí ẹ máa wò.

Ewébẹ̀Nìkan

Ẹ̀gbọ́n Oníyẹ̀fun, ẹni tí kì í jẹ ohun tó ti ara ẹran wá ńkọ́? Ṣé ó kàn lè fi purotéènì píìsì, ìyẹn ẹ̀wà roboto aláwọ̀ ewé, rọ́pò whey ní gíráàmù sí gíráàmù?

Oníyẹ̀fun

Rárá o. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ wọn ń ṣe, ìyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n máa ń rí. Píìsì ń mu omi ju whey lọ, ó sì ń mu ún pẹ́. Ẹ fi 130 g píìsì rọ́pò 150 g whey àti casein, kí ẹ gbé omi láti 12 lọ sí 25 g. Lẹ́yìn tí ẹ bá pò ó, ẹ bò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó pinnu bóyá ó fẹ́ omi sí i. Purotéènì á wálẹ̀ sí nǹkan bí 20 g ní báà kan. Sodium sábà máa ń pọ̀ nínú ìyẹ̀fun píìsì, nítorí náà ẹ yọ iyọ̀ kúrò, kí ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó tún bu sí i. Methionine, ọ̀kan lára àwọn amino acid, kéré nínú rẹ̀. Oúnjẹ oníhóró tí ẹ bá jẹ lọ́jọ́ náà á bá a gbé e.

Àwọn tí sóyà, ẹ̀pà tàbí wàrà kì í bá lára mu ń bẹ. Bí ẹ bá fẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ, ẹ kọ gbogbo èròjà sára rẹ̀ láì fi ọ̀kankan pamọ́.

OjúẸ̀yìnPáálí

Ẹ jẹ́ kí n fi kan ohun mímu pẹ̀lú, torí ilé iṣẹ́ kan náà ló sábà ń ta báà, bisikíìtì àti wàrà inú ìgò. Wàrà fúnra rẹ̀ ní lactose bíi 4.8 g nínú mílílítà 100. Òté òfin jẹ́ 2.5. Wàrà lásán kò lè jẹ́ "ṣúgà díẹ̀" láéláé, àfi bí wọ́n bá sẹ́ lactose kúrò nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ "kò ní lactose" sí lè jẹ́ pé enzyme ni wọ́n fi gé lactose sí glucose àti galactose. Ẹni tí wàrà ń da inú rẹ̀ rú á gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n gíráàmù ṣúgà kò yí padà, ó tilẹ̀ dùn sí i lẹ́nu ni.

Ti bisikíìtì, ọ̀rọ̀ kúkurú: whey kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìyẹ̀fun lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á gbẹ táútáú nínú ààrò. Kí ẹ yọ ọ́ nígbà tí àárín rẹ̀ ṣì rọ̀.

AdùnDíẹ̀

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ó ku ẹyọ kan: ọjọ́ mélòó ni báà inú ìwọ̀n yẹn lè lò? Ti ilé iṣẹ́ ń lo oṣù mẹ́sàn-án lórí pẹpẹ.

Oníyẹ̀fun

Ẹ má fi tilé wé ti ilé iṣẹ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń wọn omi tí kòkòrò àìfojúrí lè rí lò nínú oúnjẹ. Water activity ni wọ́n ń pè é, láti 0 dé 1. Wọ́n máa ń mú báà wá sí ìsàlẹ̀ 0.65. Staphylococcus aureus, kòkòrò kan tó ń sọ oúnjẹ di májèlé, kì í dàgbà bó bá ti wálẹ̀ kọjá nǹkan bí 0.85, àmọ́ àwọn olú kan, irú èyí tó ń mú kí oúnjẹ bu, ṣì lè hù ní 0.61 sí 0.65. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ yẹn kò lè fi ojú mọ̀ ọ́n, omi 5 g tí ẹ bá sì fi kún un ń gbé e sókè.

Nítorí náà, inú fíríìjì, ọjọ́ méje. Inú fíríísà, oṣù méjì, bí ẹ bá fi bébà wé ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kó wọn sínú ike tó ní ìdérí. Òtútù fíríísà tún ń dá ìrìn omi yẹn dúró, báà tó bá jáde lẹ́yìn oṣù kan á rọ̀ bíi ti ọjọ́ kejì. Kí ẹ jẹ́ kó yọ́ nínú bébà rẹ̀. Bí ẹ bá tú u nígbà tó ṣì tutù, ìrì á sẹ̀ sí i lára, ibi tí ìrì bá sẹ̀ sí gan-an ni olú ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá ń fi ṣokoléètì bò ó, ẹ ṣe é kó tó wọ fíríísà, nígbà tí báà wà ní nǹkan bí 20 °C. Báà tó tutù jù á mú kí ṣokoléètì sán lójú ọ̀nà bó bá ń gbóná padà, omi á sì máa gba ibi tó sán jáde.